Eyín Tí Kì Í Ké

"Wọ́n ní kì í ṣe ikú lásán o."

"Ikú ta ni?"

"Ti Màmá Oníròyìn. Wọ́n ní ìyàwó ọmọ ẹ̀ ló..."

"Ìyàwó tó ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin, tó ń..."

"Òun náà ni. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n bá nínú àpò ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ọrùn màmá wú tó báyìí, tó báyìí..."

"Ẹ rọra, ọmọ màmá obìnrin ń kọjá."

"Òun gan-an ló fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní ìyàwó wo ojú màmá kòrókòró, ó ní, 'Ó máa pa yín.' Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, màmá bá... Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn nídìí ẹ̀rọ omi. Kí oòrùn tó mú, ó ti wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí kí wọ́n gbé omi fún òun.

Ẹni tí wọ́n gbé ọ̀ràn náà lé lọ́wọ́ ni obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan tí gbogbo àgọ́ ń pè ní Tún-un-sọ. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ń sùn sí. Obìnrin náà kì í gba àlàyé lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Bí ènìyàn bá ní, "Ó bú mi," á ní, "Má sọ ohun tó ṣe fún mi. Tún un sọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀." Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọkọ rẹ̀ bá ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní kó tún un sọ níwájú ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ kò dùn. Eyín kan ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀ ẹnu lápá ọ̀tún, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀la tan eyín náà. Ọ̀gá àgọ́ tún ti sọ ohun tó le ju eyín lọ.

"Lọ́la ni a ó gbé ìyàwó yẹn lọ sílé ẹjọ́," ni ọ̀gá wí. "Láti ibẹ̀, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọmọ náà kò tíì já lẹ́nu ọmú. Inú àtìmọ́lé níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń fún un lọ́mú.

Ọmọ olóògbé obìnrin wà lẹ́nu káńtà, ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ èékánná ló ń ṣe. Ó máa ń lẹ èékánná àtọwọ́dá fún àwọn obìnrin. Ti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ gùn, ó ń kọ yànrànyànràn bí ìrì àárọ̀, ó sì ń fi wọ́n lu igi káńtà: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"'Ó máa pa yín,'" ló wí. "Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò fi kún un."

"Ṣé o yọ nínú rẹ̀?" ni Tún-un-sọ bi í.

Èékánná dákẹ́ lórí káńtà. "Mà?"

"Kò burú. Máa lọ sílé. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

*

Yàrá olóògbé mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, rédíò kan, dígí ọlọ́wọ́ kan. Lára ògiri ni àwòrán Màmá Oníròyìn wà níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn obìnrin yìí ni gbogbo ìlú fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ láyé ìgbà tó ń ka ìròyìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan kì í ré bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Àwòrán mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ti àìpẹ́. Irun ti funfun, ojú ti hunjọ. Tún-un-sọ súnmọ́ ọn.

"Kọ́ńsítébù, wo eyín yìí."

Kọ́ńsítébù, ọkùnrin oníkùn kan tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí kò tíì níkùn, wò ó. "Ó dára, ọ̀gá."

"Ó ti dára jù. Ẹni tó bá ti dàgbà tó báyìí, tí eyín rẹ̀ ṣì tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, ẹnìkan ló tò ó fún un."

Lórí pẹpẹ ni wọ́n ti bá ìgò oògùn ìfọnu kan, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan tí kò ju ìgbálẹ̀ ẹyọ kan lọ. Kọ́ńsítébù yọ síríńjì inú àpò ìyàwó jáde látinú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí.

"Abẹ́rẹ́ ọ̀hún rèé, ọ̀gá."

"Abẹ́rẹ́ dà níbẹ̀?"

Ó wò ó. Ẹnu síríńjì náà tẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ, orí rẹ̀ sì kújú. Tún-un-sọ na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Gún mi."

"Ọ̀gá..."

"Mo ní kí o gún mi."

Kọ́ńsítébù tì í títí, ara kò bó. "Èyí ò lè gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n," ló wí.

"Omi ni wọ́n fi ń ta sí ibi tí ọwọ́ kò dé nínú ẹnu. Ẹnìkan ń fọ abẹ́ eyín obìnrin yìí." Ó fi ìka kan ìgò oògùn náà. Eruku wà lórí rẹ̀, oògùn inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó fi ìka kan búrọ́ọ̀ṣì: ó gbẹ táútáú. "Ọ̀gá wa ní májèlé wà nínú ìgò yìí. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pa ènìyàn kì í jẹ́ kí eruku bò ó. Ó jọ pé fífọ̀ ni wọ́n dá dúró. Ta ló dá a dúró?"

Ọmọ olóògbé ọkùnrin wọlé bá wọn níbẹ̀. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ojú ọ̀nà ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bí mo bá gbèjà ìyàwó mi, wọ́n á ní mo ta ìyá mi, mà. Bí mo bá dákẹ́, mo ta ìyá ọmọ mi. Ibo ni kí n yà sí?"

"Ìgbà wo ni wọ́n ṣe eyín fún ìyá rẹ?"

"Ìyá mi? Rárá o, mà. Eyín ìyá mi pé lẹ́nu wọn."

Tún-un-sọ wo Kọ́ńsítébù.

*

Nínú àtìmọ́lé, ìyàwó jókòó sílẹ̀, ọmọ ń fa ọmú láìmọ ohun tó ń lọ láyé. Ìyàwó fẹ́ dìde kó kúnlẹ̀ kí i.

"Jókòó, má dààmú ọmọ. Ṣé òótọ́ ni pé o sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé 'Ó máa pa yín'?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Kọ́ńsítébù gbé bírò.

"Fi bírò sílẹ̀ ná," ni Tún-un-sọ wí. "Ìrù ọ̀rọ̀ nìyẹn. Orí rẹ̀ dà? Tún un sọ, odindi."

Ìyàwó wolẹ̀. "Mo ṣe ìlérí fún Màmá."

"Màmá ti kú."

"Ìlérí ò bá wọn kú, mà."

"Ìwọ lo ń fọ ẹnu fún un."

Obìnrin náà gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n já aṣọ lára rẹ̀. Omi lé sí i lójú. "Mo ń fọ̀ ọ́, mà. Nígbà tí wọ́n ṣì gbà fún mi."

"Ta ni kò gbà mọ́?"

Ọmọ fi ọmú sílẹ̀, ó wo Tún-un-sọ, ó sín.

"Ọmọ yìí nìkan ló fẹ́ bá mi sọ òótọ́ níbí," ni Tún-un-sọ wí. Ó dìde. "Ìwọ, pa ìlérí rẹ mọ́. Èmi yóò lọ wá a níbòmíràn. Àmọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ara rẹ nìkan ni o ń fi ẹnu dídì yẹn dè mọ́lẹ̀. Ọmọ yìí wà níbẹ̀."

Nígbà tó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó ti fi ojú bo orí ọmọ.

*

Orúkọ dókítà eyín wà lára ìgò oògùn náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í wo ojú ènìyàn bí kò ṣe ẹnu.

"Eyín yín kan ń bàjẹ́ lápá ọ̀tún," ló kọ́kọ́ wí.

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe ti Màmá Oníròyìn. Àbí iṣẹ́ yín ló pa á?"

Ojú rẹ̀ ṣú. Ó fa àwòrán egungun kan jáde, ó gbé e sójú iná. Àgbọ̀n ènìyàn ni, ó funfun bí eérú, irin kéékèèké dúró nínú rẹ̀ bí òpó.

"Mo gbin irin sínú egungun párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, mo wá fi sukúrù de eyín mọ́ orí wọn, bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ afárá sórí òpó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹun, tó fi sọ̀rọ̀, tó fi rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ìtọ̀ ṣúgà dé, ìka rẹ̀ le, kò lè fọ abẹ́ afárá náà dáadáa mọ́. Ẹran ìdí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ wo ibí yìí." Ó fi ìka tọ́ka sí òjìji dúdú kan nídìí òpó méjì. "Egungun ló ń jẹ lọ yìí. Bí ọ̀gbàrá ṣe ń jẹ ìdí ògiri."

"Kò sì dùn ún?"

"Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Eyín àbínibí ní okùn tó so ó mọ́ egungun; bí nǹkan bá kàn án, á jẹ́ kí ẹ mọ̀. Irin kò ní. Eyín tí a gbìn kì í ké. Ìgbà tí ẹ bá fi máa gbọ́ igbe, òrùlé ti ń jó."

Ahọ́n Tún-un-sọ lọ kan eyín rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn.

"Ta ló ń mú un wá?"

"Ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi síríńjì fọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ẹran náà ti ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n sukúrù tú, afárá ń mì. Mo ní kí n ṣí i kúrò, kí ọyún abẹ́ rẹ̀ jáde, kí ibẹ̀ jinná. Yóò wà láìní eyín nísàlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò ti pè é pé kó wá ka ìròyìn lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ayẹyẹ wọn. Ó ní òun ò lè lọ máa fọn fèèfèè létí gbogbo ayé bí ìkòkò tó ń hó. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà pé àwọn yóò padà wá. Wọn ò wá. Obìnrin kan ló pè mí, ó ní kí n má dúró dè wọ́n, wọ́n ti tún un ṣe."

"Ìyàwó ló pè?"

"Rárá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Orí fóònù ni."

"Ìyàwó a kí mi, a kí àwọn ará ilé mi, a tún bèèrè àlàáfíà ẹni tó ń gbálẹ̀, kó tó sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè. Ẹni yìí ò kí mi rárá."

Kọ́ńsítébù ti gbà pé dókítà eyín mìíràn ló ba nǹkan jẹ́. Ó gbéra, ó wọ gbogbo ilé ìwòsàn eyín tó wà nílùú, ó padà dé pẹ̀lú òógùn àti búrọ́ọ̀ṣì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan màmá.

"Ọ̀nà tó dí nìyẹn," ló wí, ó wó jókòó.

"Kò dí," ni Tún-un-sọ dáhùn. "A ti mọ̀ báyìí pé ẹni tó tún un ṣe kì í ṣe dókítà."

*

Òtútù ilé òkú a máa wọ eegun. Dókítà tó ń yẹ òkú wò, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ti ń retí wọn.

"Kò sí májèlé kankan. Ẹran ìdí eyín tó wú ló ta ẹ̀jẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ọ̀fun rẹ̀ ló dí. Ọyún láti abẹ́ eyín ló tú sí abẹ́ ahọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, ọrùn wú sínú. Afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà gbà." Ó fa aṣọ bo òkú lójú. "Kì í ṣe ikú ìrọ̀rùn."

Kọ́ńsítébù ṣí fìlà.

"Ohun kan wà tí kò yé mi," ló tún wí. "Sukúrù tó de eyín ti tú, síbẹ̀ eyín náà ò mì. Mo fà á títí kó tó jáde. Nǹkan kan ni wọ́n dà yí ìdí rẹ̀ ká, ó gbẹ bí dígí. Ọyún ń wá ọ̀nà jáde, wọ́n ti kan ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn."

Ó gbé ègé kan sí àtẹ́lẹwọ́ Tún-un-sọ nínú ọ̀rá kékeré. Tún-un-sọ gbé e sójú iná. Ó mọ́ gaara. Nínú rẹ̀, àwọn èérún wínníwínní kan wà tí wọ́n ń kọ yànrànyànràn.

"Gúlúù," ni Kọ́ńsítébù wí.

"Gúlúù ni. Ta ló ń bu nǹkan dídán sínú gúlúù?"

Bó ti bi í tán ni ó gbọ́ ọ létí inú: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, lórí igi káńtà. Ó wo èékánná ọwọ́ ara rẹ̀ tó gé mọ́lẹ̀.

"Kọ́ńsítébù, mo fẹ́ lọ ṣe ọ̀ṣọ́."

*

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, òórùn gúlúù sì ń ta ènìyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ olóògbé nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń to ìgò kéékèèké.

"Ẹ fẹ́ ṣe èékánná, mà? Mi ò tíì ṣí. Mo kàn wá ni. Bí mo bá jókòó sílé, orí mi á dàrú."

"Ẹyọ kan péré. Ìka kékeré."

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ọlọ́pàá. Ó jókòó, ó di ọwọ́ Tún-un-sọ mú, ó fi ayùn wẹ́wẹ́ ha èékánná rẹ̀. Ó bu èérún dídán sójú gúlúù. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá; ó mọ iṣẹ́ náà.

"Ó ń pẹ́ kó tó gbẹ?"

"Kíá ni, mà."

"Bí mo bá fọ aṣọ ńkọ́?"

"Omi ò ràn án."

"Itọ́ ńkọ́?"

Ọwọ́ tó di ìka rẹ̀ mú di yìnyín. Tún-un-sọ fi ọwọ́ kejì gbé ọ̀rá kékeré náà sórí tábìlì, láàárín ìgò gúlúù àti ìgò èérún. Èérún tó wà nínú ọ̀rá àti èyí tó wà nínú ìgò jọ ń dán.

Ọmọ olóògbé wo ọ̀rá náà, ó wo ìgò.

"Màmá ló bẹ̀ mí," ló wí. "Wọ́n ní bí mo bá lè lẹ èékánná tó ń gbá ilẹ̀, tó ń ro oko, tí kò sì pa ẹnikẹ́ni, kí ló dé tí mi ò lè lẹ eyín tó ń mì fún ìyá mi? Iṣẹ́ kékeré ni, mà. Mo lẹ ẹ́ dáadáa. Kò mì mọ́."

"Ìwọ lo pe dókítà."

"Èmi ni."

"O ò kí i."

"Mà?"

"Kò sí nǹkan. Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

"Mo ní kí ìyàwó má fọ̀ ọ́ mọ́, kí gúlúù má baà tú. Wọ́n lọ sí rédíò náà, mà. Mo jókòó níbẹ̀. Wọ́n ka ìròyìn látòkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ò ré bọ́, kò fọn. Gbogbo èrò ibẹ̀ dìde fún wọn. Nígbà tí a délé, ara wọn ti ń gbóná. Ìyàwó ní ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Mo ní àárẹ̀ ni, kó jẹ́ kí wọ́n sinmi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ilẹ̀ mọ́, òkú wọn ni mo bá."

Tún-un-sọ jẹ́ kó sunkún. Òun náà ti sin ìyá. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nínú àtìmọ́lé tó ń sín.

"Kí ló dé tí o fi ń sọ ọ́ káàkiri pé ìyàwó ní, 'Ó máa pa yín'?"

"Ó sọ ọ́. Mi ò purọ́ mọ́ ọn."

"Mo mọ̀. O gé e ni. O fi orí rẹ̀ sílẹ̀ sílé, o gbé ìrù rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ omi." Ó gba ìka rẹ̀ padà. Èékánná kan ń dán lórí rẹ̀, kò bá èyí tó kù mu. "Lọ́la, wọ́n máa gba ọmọ lẹ́yìn obìnrin yẹn. Ó mọ̀ pé ìwọ ni, kò pè ọ́ lórúkọ, torí pé ó ṣe ìlérí fún ìyá rẹ. Ìwọ nìkan lo kù tó gbọ́ ọ. Tún un sọ. Odindi, bó ṣe jáde lẹ́nu oníkálukú."

Lẹ́nu ọ̀nà, Kọ́ńsítébù ti gbé bírò.

Ọmọ olóògbé dé ìgò gúlúù. Ó di ojú. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan ré bọ́.

"Ìyàwó kúnlẹ̀, ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Ó ní, 'Màmá, mo fi ọmọ yìí bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí lẹ ẹ́. Ọyún wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dí i mọ́bẹ̀, ó máa pa yín.' Màmá ní, 'Ṣe ìlérí fún mi pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé eyín mi tú. Ọkọ rẹ pàápàá.' Ó ní, 'Mo ṣèlérí, Màmá, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé, ṣùgbọ́n ẹ dìde ká lọ.' Ó wá na ọwọ́, ó fẹ́ ṣí ẹnu wọn wò. Èmi ni mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo ní..."

Tún-un-sọ kò ràn án lọ́wọ́.

"Mo ní, 'Ìyàwó, gbé ọwọ́ rẹ kúrò lẹ́nu ìyá mi. Òun kọ́ ló bí ọ.'"